Ẹ̀rọ Tó Wà Nínú Ilé àti Ilẹ̀ Tó Ń Mì

Ọ̀rọ̀ tí Alága sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ wa ní Accra

    Bí a ṣe pé jọ lónìí láìsí ẹkún, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe pé jọ ní ọdún tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run.

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìsìnkú àti ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni a máa ń sọ níbí. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní kí á fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ni, èyí tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí inú wa sì mọ̀ pé odindi súrà kan wà fún nínú Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n a kò wá wàásù. Ohun tí a fẹ́ sọ ni ohun tí ilẹ̀ mímì lè ṣe sí ẹ̀rọ tí a gbé sínú ilé, àti ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe sí ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín nínú ara wọn. Wọ́n á ní owó ilé tí onílé ń fi kún lọ́dọọdún ti mì wọ́n tó, kí wá ni ti ilẹ̀? A kò bá wọn jà. Àwa náà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó gba ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wa.

Òru ọjọ́ kan ní 2020

Ọjọ́rú, ọjọ́ 24, oṣù June, ọdún 2020 ni. Gbogbo wa la rántí ọdún náà. Àrùn kòrónà ti dá ìpàdé wa dúró, oníkálukú wà nílé rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀, ilẹ̀ mì ní Accra. Ó tún mì, ó tún mì, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ wa sá jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn. Àwọn kan rò pé ọkọ̀ àgbá ńlá ló kọjá, àwọn kan rò pé olè ló ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, kò sí ìròyìn ikú, gbogbo wa sọ pé ọpẹ́ ni, a sì padà sí ẹnu ọrọ̀ ajé wa.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti pè wá lórí fóònù. Tọ́nà ni, ẹ̀rọ lathe ló fi ń jẹun. Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé tó háyà ní apá Gbawe ló gbé ẹ̀rọ náà sí. Lọ́sàn-án, yàrá náà jẹ́ ibi iṣẹ́. Lálẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbá irin wẹ́wẹ́ kúrò nílẹ̀, á tẹ́ ẹní sí àárín ẹ̀rọ àti pẹpẹ tí wọ́n ń to irin sí, á sì sùn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa sùn nìyẹn nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ náà ti tẹ́ ẹní, ó ti gbé ìrọ̀rí sí i. Ó wá jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà láti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára nínú yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mì, ẹ̀rọ lathe náà kò kúrò lójú kan. Pẹpẹ ló mì. Ẹnu irin tí ẹ̀rọ fi ń di iṣẹ́ mú, èyí tí àwọn tọ́nà ń pè ní chuck, wà ní orí pẹpẹ lókè pátápátá, ó wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Ó yọ̀, ó já bọ́. Orí ìrọ̀rí náà ló balẹ̀ sí.

Ọkùnrin náà kò pariwo lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, “Alága, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Bó bá jẹ́ pé ó ti sùn, kí ni ǹ bá sọ fún ìyá rẹ̀ nílé?”

A kò rí èsì fún un. Títí di òní, a kò tíì rí èsì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi dúró níwájú yín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹlòmíràn nìkan là ń bá wí. Ẹ mọ̀ pé páàtì ọkọ̀ ni àwa ń tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a dé ṣọ́ọ̀bù, a gbójú sókè. Lókè ẹnu ọ̀nà gan-an, àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì ni a tò jọ títí kan àjà, lókè orí ọmọbìnrin tó ń bá wa tajà. A kó wọn sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjà tuntun dé, àyè kò sí, a tún tò wọ́n padà sókè. Nígbà tí ilẹ̀ tún mì ní December 2022 ni ojú tì wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kó wọn sílẹ̀ pátápátá. Àwa alága ẹgbẹ́ ni a ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nítorí náà, bí a ti ń bá yín wí, ara wa là ń bá wí.

Ilẹ̀ Accra ti mì rí

Àwọn kan máa ń sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, pé ti Japan àti Amẹ́ríkà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù July, ọdún 1862, ilẹ̀ mì ní Accra tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ńlá ìjọba tó wà ní Osu fi bàjẹ́ gidigidi. Ní 1906, ó mì ní apá Ho. Lẹ́yìn náà ni èyí tí àwọn àgbà ìlú yìí ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ dé, ìyẹn ti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22, oṣù June, ọdún 1939.

Ìgbà ayé gómìnà Arnold Hodson ni. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méje alẹ́, àkókò tí àwọn ènìyàn ń jẹun alẹ́. Ìmìtìtì náà tó ìwọ̀n bíi 6.5. Bí ènìyàn 17 ló kú, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún tó fara pa. Ẹ má wo iye òkú nìkan. Ilé tó wó àti èyí tó sán kọjá kékeré, pàápàá àwọn ilé amọ̀ tí ògiri wọn kò di ara wọn mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sun ìta fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé ilẹ̀ kò yé mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí èyí ńlá ti kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba wá kọ́ ilé fún àwọn tí ilé wọn bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé estate ní Kaneshie, ní Korle Gonno, ní Mamprobi, ní Osu àti ní Labadi, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìmìtìtì ilẹ̀ náà ló bí ìpìlẹ̀ àwọn estate yẹn.

Àwọn bàbá wa ti wà ní Accra nígbà náà. Ibi tí a ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é nígbà kan, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ìmìtìtì ọjọ́ náà dé ilé pàápàá: àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ti mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní apá Abẹ́òkúta àti ní orílẹ̀-èdè Benin ní September 2009, ó sì mì ní Mpape ní Abuja ní September 2018. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń sọ pé òun á padà sílé nítorí ilẹ̀ mímì tún èrò rẹ̀ pa.

Kí ló ń mú ilẹ̀ Accra mì? Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ ni pé àpáta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ sán, ó sì là gbọọrọ. Ọ̀kan gba abẹ́ òkè Akwapim, láti apá Weija àti Nyanyano lọ sí ìhà Ho. Èkejì wà nínú òkun, ó tẹ̀lé etí òkun lọ. Apá ìwọ̀-oòrùn Accra ni méjèèjì ti pàdé. Àpáta ẹ̀gbẹ́ kan ń ti èkejì, wọ́n á di ara wọn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọjọ́ kan tí wọn ò ní lè di ara wọn mú mọ́, wọ́n á sì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yíyọ̀ yẹn ni à ń pè ní ìmìtìtì. Ẹ wá wo ibi tí àwa ń ra ilẹ̀ sí báyìí nítorí pé ó rọ̀ wá lọ́rùn: Kasoa, Weija, Gbawe, Nyanyano. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé níbẹ̀ o. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀ kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á tún fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Ti June 2020 tó bíi 4 lórí ìwọ̀n, ti 1939 tó bíi 6.5. Ẹni tó jẹ́ oníṣòwò á rò pé ìyàtọ̀ méjì àbọ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kì í ṣe bí ìwọ̀n gaàrí. Bó bá fi ẹyọ kan lé sí i, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po bíi 32. Agbára ti 1939 ju ìlọ́po 5,000 ti 2020 lọ. Bí ti 2020 bá lè gbé chuck bọ́ sórí ìrọ̀rí, kí ni irú ti 1939 máa ṣe sí yàrá kan náà?

Ẹ sì jẹ́ kí á ṣọ́ra fún àhesọ. Ní January 2010, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìmìtìtì ba Haiti jẹ́, ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé ilẹ̀ máa mì ní Ghana lóru ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló sun ìta, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ nínú ìrì. Ilẹ̀ kò mì. Kò sí ẹ̀dá tó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ilẹ̀ máa mì. Ibi tó ti lè mì ni a mọ̀. Nítorí náà, bí a bá ti palẹ̀ mọ́ ṣáájú, a kò ní máa sá káàkiri.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kobe

Ìlú kan wà ní Japan tí wọ́n ń pè ní Kobe. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nagata. Bàtà ni iṣẹ́ àdúgbò náà. Wọ́n ń ṣe é nínú ilé kéékèèké, ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ènìyàn lókè, gọ́ọ̀mù àti ohun olóòórùn tó ń tètè gbiná nínú agolo. Àwọn àlejò ló pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà: ọmọ Korea tí bàbá wọn ti dé tipẹ́, àti ọmọ Vietnam tó sá kúrò nílé nítorí ogun. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ò ní sọ pé àwa ni?

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ku díẹ̀, ọjọ́ 17, oṣù January, ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe. Ní gbogbo ìlú náà àti agbègbè rẹ̀, ènìyàn 6,434 ló bá a lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé ilé ló wó lù wọ́n. Ní Nagata, bí ilé ti ń wó ni iná ń ràn láti ilé kan dé èkejì. Ilé iṣẹ́ bàtà àti ibùgbé jó pọ̀. Ẹni tó pàdánù ilé pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé ibì kan náà ni méjèèjì wà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí á kọ́ níbẹ̀. Èkíní, àwọn tí wọ́n yọ láàyè lábẹ́ ilé tó wó, ará ilé àti aládùúgbò ló yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí ìjọba tó dé. Èkejì, àwọn ọmọ Korea àti ọmọ Vietnam náà rí i pé àwọn èèyàn wọn kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kéde ibi tí omi àti oúnjẹ wà. Wọ́n dá rédíò kékeré sílẹ̀, wọ́n ń fi èdè wọn kéde. Ohun tí ẹgbẹ́ bíi tiwa wà fún nìyẹn. Kì í ṣe aṣọ ẹbí nìkan.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣubú

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin ajórin, ẹ̀yin tọ́nà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ àgbàdo àti ata, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́. Àwa kò kọ́ṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n a lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín, a sì kà díẹ̀ nínú ìwé. Ohun tí wọ́n sọ nìyí.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mì, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ bá ilẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ á fẹ́ dúró síbi tó wà. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ̀ tí orí sì fúyẹ́, á jókòó padà. Bí orí bá wúwo tí ẹsẹ̀ sì há, bíi ti ẹ̀rọ tó ń lu irin tó ga lórí òpó kan, á ṣubú. Yorùbá ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn gan-an: orí máa mì, ẹsẹ̀ ni kí á dè.

Nítorí náà, ẹ fi bóòtì de ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó nípọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ògiri búlọ́ọ̀kù láti di ẹ̀rọ ńlá mú, nítorí pé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi iyanrìn púpọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ṣe lè wó kí ẹ̀rọ tó wó. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí tábìlì, ẹ dè é mọ́ tábìlì, kí ẹ sì de tábìlì náà mọ́lẹ̀.

Irin tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni àyè rẹ̀. Agbọ̀n, páálí àti ohun tó fúyẹ́ ni kó wà lókè. Ẹ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí pẹpẹ kí nǹkan má baà yọ̀ sílẹ̀. Owó pákó náà kò tó owó ẹran ìjẹun ọjọ́ kan. Bí ọkùnrin Gbawe yẹn bá ti ní irú pákó bẹ́ẹ̀, bóyá chuck náà ì bá má bọ́.

Ẹ̀yin ajórin, sílíńdà gáàsì yín kò gbọdọ̀ dá dúró bí ẹni ń ṣọ́ ọ̀nà. Ẹ fi ṣéènì dè é lẹ́ẹ̀mejì, lókè àti nísàlẹ̀, mọ́ òpó tó le. Sílíńdà tó bá ṣubú tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ lè fò bí ọta ìbọn. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ ti ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ sì fi ìbòrí rẹ̀ dé e. Pẹtiróòlù, tínà àti ọ̀dà, ẹ gbé wọn jìnnà sí iná àti sí ibi tí ènìyàn ń sùn.

Níkẹyìn lórí èyí, ẹ yí ibi tí ẹní wà padà. Bí àyè kò bá sí lóòótọ́ ju yàrá kan náà lọ, ẹ wọn gíga ẹ̀rọ àti pẹpẹ, kí ẹ má sì tẹ́ ẹní sí ibi tí orí rẹ̀ lè dé bó bá ṣubú. Èyí kò náni ní kọ́bọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ń mì àti lẹ́yìn tó bá dákẹ́

Bí ó bá bá yín nínú ilé, ẹ má sáré gba àárín ẹ̀rọ kọjá. Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ àti gíláàsì, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ dì í mú, ẹ fi ọwọ́ bo orí. Bí tábìlì kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ bo orí àti ọrùn. Bí ó bá bá yín níta, ẹ dúró ní gbangba, ẹ jìnnà sí ògiri, sí òpó iná àti sí búlọ́ọ̀kù orí òrùlé. Bí ẹ̀rọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ìpa rẹ̀ sì wà lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ pa á. Bí kò bá sí lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀mí ló ń ra ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò lè ra ẹ̀mí.

Bó bá dákẹ́, ẹ jáde jẹ́jẹ́, ẹ ka ara yín. Ẹ pa iná ìjọba láti ibi mítà. Ẹ gbóòórùn gáàsì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má ṣáná, ẹ má sì tan iná. Ilẹ̀ lè tún mì lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, nítorí náà, ẹ má wọ ilé tí ògiri rẹ̀ ti sán kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé tó wò ó. NADMO, àjọ ìjọba Ghana tó ń rí sí àjálù, ni kí ẹ pè.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tọ́nà mọ̀ pé bí ẹ̀rọ lathe bá fi díẹ̀ kúrò lójú ìwọ̀n, iṣẹ́ tó bá ṣe á tín-ín-rín níbì kan, á nípọn níbòmíràn. Ẹ gbé ìwọ̀n olómi lé e, ẹ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Òkúta yíyí tí ẹ fi ń pọ́n irin ló léwu jù. Ẹ tú u, ẹ gbé e kọ́, ẹ fi èèkù igi kàn án jẹ́jẹ́. Bó bá dún bí agogo, ó dára. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán nínú, ẹ sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá fi sísán yí i, á fọ́ sí yín lójú.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe

Àwa Yorùbá ní Ghana mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí ọ̀nà ìjẹun bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lójijì. Ní oṣù November 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn bàbá wa ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti ọjà ní iye tí kò tó iye páálí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé tó fi hàn pé àwọn ló ni nǹkan náà. Kò sí ilẹ̀ tó mì nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé wó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ó ṣòro láti gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ gbé nǹkan mẹ́rin síwájú yín.

Èkíní: ajórin méjì àti tọ́nà kan nínú ẹgbẹ́ ti gbà láti máa lọ wo ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀rọ nílé. Wọn kò ní gbowó. Bóòtì àti ṣéènì nìkan ni onílé á rà. Kí ẹnikẹ́ni má wò ó bí ìtọpinpin.

Èkejì: kí oníkálukú kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ akọ̀wé pẹ̀lú ìwé tó fi rà á. Ẹni tó bá ní ìwé adójútòfò, kó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà bóyá ìmìtìtì ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìwé tó sọ̀rọ̀ iná lè má sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mímì.

Ẹ̀kẹta: kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ibi gbangba kan tí ọmọ ẹgbẹ́ máa pàdé bí ilẹ̀ bá mì, àti ẹni kan tí á máa ka orúkọ. Lálẹ́ June 2020, ó gba wá títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí á tó mọ̀ pé gbogbo yín wà láàyè. Ó pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹrin ló le jù, a sì mọ̀ pé ariwo á wà. A fẹ́ kí á yọ ìdajì owó àríyá ọdún kúrò, kí á fi ṣe owó àjálù. Bí ẹ̀rọ ọmọ ẹgbẹ́ bá bàjẹ́, kí a lè yá a lówó láìsí èlé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní àríyá ló ń mú ọ̀dọ́ wá sí ẹgbẹ́, pé ẹgbẹ́ tí kò bá jó kò ní pẹ́ tú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n a bi ara wa pé, bí ilẹ̀ bá mì lọ́la, ṣé aṣọ ẹbí la ó fi ra ẹ̀rọ? Ẹ̀yin ni ẹ ó dìbò sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tí ẹ bá sọ la ó ṣe.

Kí a tó jókòó, ẹ jẹ́ kí á parí ìtàn ọkùnrin Gbawe. Ó ti kó pẹpẹ kúrò ní yàrá náà. Ó fi bóòtì mẹ́rin de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ó háyà yàrá kékeré kan fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kan náà, ó sì ń dùn ún lápò. Ọmọ náà ti gba òmìnira báyìí, ó ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì jókòó láàárín yín níbí. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ kàn wo ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ rò ó pé ẹni tó jókòó tì yín lè jẹ́ òun.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti sọ fún ara wa báyìí. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ilẹ̀ náà kò ní béèrè ẹni tó jẹ́ ọmọ Ghana àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí á rí irú ti 1939. Bí a bá sì rí i, kó bá wa níbi tí a ti múra sílẹ̀. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ jẹun kò ní gbé wa mì. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣiṣẹ́ kò ní pa wá lọ́mọ. A ó padà sílé wa pẹ̀lú ayọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ẹkún.